Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Àkọkà

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú oríire o. Mọ́mì ti ròyìn ẹ yí gbogbo ọjà ká pé ọmọ òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá. Òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Tí o bá dé etí ọ̀sà nínú Yunifásítì Èkó, afárá Third Mainland ni wàá máa rí lórí omi. Ó gbéra láti Ọ̀wọ́rónṣókí, ó sọ̀ sí Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kìlómítà 11.8. Shagari ṣí apá kìíní ní 1980, Babangida ṣí ìyókù ní 1990. Òun ni ará Kétu àti Bàrígà ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù.

Tí o bá wọ dáńfó kọjá níbẹ̀, tẹ́tí sí táyà, wàá gbọ́ gbì, gbì, gbì. Àlàfo ni wọ́n dìídì fi sílẹ̀ láàárín kọnkéré, torí oòrùn a máa mú un gùn, tó bá tutù á tún sún kì. Wọ́n á wá fi irin àti rọ́bà dí i. Tírélà ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán-tòru, irin á yẹ̀, òjò á ráyè wọlé. Irú àtúnṣe yìí ni wọ́n torí ẹ̀ ti apá kan afárá náà láti Oṣù Keje 2020 di Oṣù Kejì 2021. Gbogbo Èkó ké gbàjarè. Èmi ò bínú sí wọn rárá.

Ẹsẹ̀ afárá gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Omi tó níyọ̀ ló dúró sí. Iyọ̀ a máa wọnú kọnkéré, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, á sì fọ́ kọnkéré láti inú. Àfi kí òmùwẹ̀ wọ omi lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń kọjá lókè ò lè mọ̀.

Afárá tuntun ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ kọ́. Èyí tó so Ìkòyí mọ́ Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní 2013, rẹwà lójú mi gan-an. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ àtúnṣe ni kí o yàn. Bi àwọn olùkọ́ rẹ léèrè ọdún tí wọ́n máa ń kọ́ yín ní iṣẹ́ àtúnṣe, kí o sì kọ orúkọ ìwé tó bá gbà ránṣẹ́ sí mi. Tí owó oṣù bá ti wọlé, màá rà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ