Ìkéde Ìpàdé: Gbígba Ohùn Àwọn Àgbà Wa Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé.

Ìpàdé wa ti oṣù yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò níbí ní Chicago. Iṣẹ́ Studs Terkel ni a ó gbé yẹ̀wò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ṣe ètò fún ọdún 45, láti 1952 di 1997, ní iléeṣẹ́ rédíò WFMT ní ìlú yìí kan náà, tí kì í sì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ nìkan ló ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó sọ nípa ìyá kan tí kò rówó, tí òun gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ìyá náà sì bẹ Terkel pé kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ìyá àwọn nínú téèpù. Ìyá náà gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun kò mọ̀ rí pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́kàn òun nìyẹn.

Ìyá tèmi ti lọ, kò sì sí ohùn wọn lọ́wọ́ mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí oníkálukú gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ sórí fóònù kó tó wá, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàyè lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kó tó di ọjọ́bọ̀, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́