Ìlérí tí kò lọ́jọ́ ló kó bá Ukraine

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ogun Ukraine bá jáde, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kékeré tó ń sá wọ NATO, ẹgbẹ́ ológun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí láti gbèjà ara wọn, ló ń tọ́ Rọ́ṣíà níjà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Estonia, Latvia àti Lithuania wọ NATO lọ́dún 2004. Gbogbo wọn ló bá Rọ́ṣíà pààlà, síbẹ̀ Rọ́ṣíà ò tíì gbógun tì wọ́n látìgbà náà. Àwọn tí wọ́n dá dúró sẹ́nu ọ̀nà ni ogun bá. Ní oṣù Kẹrin 2008, ní Bucharest, olú-ìlú Romania, àwọn olórí NATO kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ukraine àti Georgia, orílẹ̀-èdè kékeré tó bá Rọ́ṣíà pààlà, yóò di ọmọ ẹgbẹ́. Amẹ́ríkà fẹ́ kí ó yá. Jámánì àti Faransé ò fẹ́. Ni wọ́n bá ṣèlérí láìdá ọjọ́. Ìlérí náà bí Rọ́ṣíà nínú, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Georgia.

Ukraine ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1994, ó gbà láti kó ohun ìjà átọ́míìkì tó wà nílẹ̀ rẹ̀ kúrò, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2014, Rọ́ṣíà gba Crimea. Ìwé náà ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá jagun gbèjà Ukraine, kò sì sẹ́ni tó wá.

Finland rí gbogbo èyí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìjọba Soviet, tí Rọ́ṣíà ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà, ti gbógun tì í rí lọ́dún 1939, ó sì gba lára ilẹ̀ rẹ̀. Kí òun àti Sweden tó kọ̀wé sí NATO ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n ti kọ́kọ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ìrànwọ́, torí wọ́n mọ̀ pé àsìkò ìdúró ló léwu jù: NATO kì í jà fún ẹni tó ṣì wà níta. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Tọ́kì, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NATO, dí wọn lọ́nà nítorí ọ̀rọ̀ àwọn Kurd, ẹ̀yà tí àwọn kan nínú wọn gbé ìjà ko ìjọba Tọ́kì, wọ́n sì fi sùúrù bá a dúnàádúrà. Finland wọlé ní oṣù Kẹrin 2023, Sweden ní oṣù Kẹta 2024.

Ní oṣù Keje 2024, ní Washington, NATO tún sọ fún Ukraine pé ọ̀nà rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ náà kò ṣe é yí padà mọ́. Wọn ò tún dá ọjọ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gba orílẹ̀-èdè tó wà lójú ogun wọlé. Àmọ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín bá wa bi àwọn alágbára wọ̀nyí: ṣé ẹ máa gbà á ni àbí ẹ ò ní gbà á? Bí ẹ ò bá sì ní gbà á, kí lẹ máa fún un dípò?

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo