Ẹ Ṣí RCS fún Àwa Oníbàárà Yín Tó Ń Lo iPhone

Houston, Texas
Oṣù Kejì, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Nígbà tí ẹ wá polówó láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní Houston, èdè wa lẹ fi bá wa sọ̀rọ̀, ẹ sì ní ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn lè fi Yorùbá kọ̀wé sí yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí. Olórí ẹ̀sùn mi ni pé ẹ kò tíì ṣí RCS, ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun tó ń gbé fọ́tò àti fídíò dáadáa láàárín iPhone àti Android, fún àwa tí a ń lo iPhone lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ń sọ fún wa pé Apple ni kí a lọ bá. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ Apple. Ọwọ́ yín ló wà.

Aránṣọ ni mí. Mo ń rán aṣọ ìgbéyàwó, agbádá, ìró àti bùbá, mo sì ń gba aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn. WhatsApp ni èmi àti àwọn ahunṣọ tó wà nílé fi ń sọ̀rọ̀, ìyẹn kò ní wàhálà. Àwọn oníbàárà mi tó wà níbí ló yàtọ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ ọmọ wa, tàbí ọ̀rẹ́ ìyàwó tí wọ́n ní kó bá wọn wọ aṣọ ẹbí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fóònù wọn wá ni wọ́n ń lò. Ìyá ọkọ tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tí kò lo WhatsApp rí láyé rẹ̀, n kò lè ní kó lọ gbà á sórí fóònù nítorí ìró kan tó fẹ́ rán. Bí mo bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, aránṣọ mìíràn ni yóò lọ bá.

Bí ìgbéyàwó bá ti wà nílẹ̀, a máa ń dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù: ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ, èmi náà. Bí gbogbo wa bá ń lo iPhone, orí iMessage, ètò àtẹ̀jíṣẹ́ ti Apple fúnra rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ń gbà, fọ́tò á sì dé bí mo ṣe yà á. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan tó ń lo Android bá wọlé, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, gbogbo gúrúùpù náà á padà sí MMS, ọ̀nà àtijọ́ tó máa ń fún fọ́tò àti fídíò pọ̀ kó tó lè gbé wọn. Ihò wẹ́wẹ́ tí ahunṣọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára aṣọ òkè á parẹ́. Òwú tó ń dán nínú aṣọ á di bàìbàì ṣá. Fídíò tí mo fi ń ṣàlàyé bí aṣọ ṣe ń ṣe nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ odò tó ti rú. Tiwọn náà kì í dé sọ́dọ̀ mi dáadáa. Oníbàárà á wọ aṣọ tí mo rán, á ya fídíò ara rẹ̀ kí n lè rí ibi tó ti fún un, n kò ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá tí ó ní kí n wò kí n ṣe irú rẹ̀, n kò ní mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí.

Oníbàárà mi kan fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yan lẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù tó rí aṣọ gan-an, ó ní ìyẹn kọ́ lòun yàn. Irọ́ kọ́ ló pa, nítorí ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, mo sì wò ó. Èmi ni mo ru gbèsè lẹ́ẹ̀sì yẹn, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi títí di òní.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìpè sí Nàìjíríà dín owó lọ́dọ̀ yín ju ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ, ohùn sì máa ń já gaara. Torí ìyẹn ni mo fi kó nọ́ńbà ìdílé mi wá sọ́dọ̀ yín. Mo sì mọ̀ pé nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára yín. Apple gbé iMessage jáde ní ọdún 2011, ó sì fi í pa mọ́ sáàárín àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti Google ti ń bá RCS bọ̀ láti ọdún pípẹ́, wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà kan ní 2016, Google sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i fúnra rẹ̀ fún àwọn onífóònù Android ní 2019, ṣùgbọ́n Apple kọ̀, kò dá sí i. Ní ọdún 2022, ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ Tim Cook, ọ̀gá Apple, níta gbangba, ó ní òun kò lè fi àwọn fídíò kan ránṣẹ́ sí ìyá òun. Èsì tí Cook fún un ni pé kó ra iPhone fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì wà lára àwọn tí inú wọn dùn nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé Apple lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí mọ́ ẹ̀sùn wọn.

Ṣùgbọ́n Apple ti yí padà lórí RCS. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ló kéde pé òun yóò gbà á. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, iOS 18, ètò tó ń mú iPhone ṣiṣẹ́, jáde, RCS sì wà nínú rẹ̀. AT&T, T-Mobile àti Verizon, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá Amẹ́ríkà, ti ṣí i fún àwọn oníbàárà wọn. Ohun tó kù ni kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan bá Apple ṣètò rẹ̀, kí ó wọ inú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí iPhone ń gbà láti ọ̀dọ̀ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá tíì ṣe é, bọ́tìnnì RCS kò ní hàn rárá lórí fóònù oníbàárà.

Tèmi kò hàn. Ẹnì kejì mi ní ṣọ́ọ̀bù ń lo irú iPhone tí mò ń lò gan-an, iOS kan náà ló sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń yá òpó rẹ̀ lò ni òun wà. Bó bá wọ Settings, tó wọ Apps, tó tẹ Messages, RCS wà níbẹ̀. Èmi tẹ ibi kan náà, kò sí nǹkan. Apple ní ojú ìwé kan tó ti kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣí fún iPhone. Orúkọ yín wà níbẹ̀, RCS kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó tún wá ká mi lára jù ni pé àwọn oníbàárà yín tó ń lo Android ń gbádùn RCS, nítorí Google ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gbé e fún wọn, yálà ẹ bá a dá sí i tàbí ẹ kò dá sí i. Àwa oní-iPhone nìkan la ń dúró dè yín.

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún ọmọ tó gbé fóònù ní ẹ̀ka yín. Ó fetí sílẹ̀, kò rí mi fín, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi kí wọ́n ra iPhone. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ilé-iṣẹ́ tó ń polówó fún ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ òṣìṣẹ́.

N kò sọ pé RCS kò ní àléébù. Láàárín iPhone àti Android, títí di oṣù Kejì ọdún 2025 yìí, kò tíì ní ààbò tó ń mú kó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. FBI àti CISA, àwọn àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn àti ààbò orí ẹ̀rọ, gba àwọn ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé kí wọ́n lo ohun tó ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ ti wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Nǹkan àṣírí, n kì í fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwòrán gèlè kì í ṣe àṣírí.

Ẹ̀sùn kan tún wà tó tẹ̀ lé e, ó sì kan èdè tí ẹ fi ń polówó. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ sí Nàìjíríà, ẹyọ ẹyọ lẹ fi ń gba owó rẹ̀. SMS, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992, ní lẹ́tà tirẹ̀ tí wọ́n là kalẹ̀ fún un. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí á, í, ó tàbí ú. Bí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí bá wọ inú ọ̀rọ̀, ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà 160 kò ní gbà ju 70 lọ mọ́, ohun tó kù á sì di ẹyọ kejì tàbí ẹ̀kẹta. Ìyá mi ń lo fóònù kékeré tí kò ní dátà, nítorí náà RCS kò ní ran tirẹ̀ lọ́wọ́. SMS nìkan ló ń gbà. Kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ kí ìyá mi tí n kò ní fi Ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá bọ̀wọ̀ fún un tí mo sì kọ èdè wa bó ṣe yẹ, owó tí mo ń san á pọ̀ sí i. Bí mo bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, owó tí mo ń san á dín kù. Ẹ̀yin lẹ ń ṣírò owó náà, ẹ lè ka ọ̀rọ̀ kan sí ẹyọ kan, bó ti wù kí SMS pín in tó.

Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ẹ bá Apple parí ètò RCS, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò ṣí ránṣẹ́ sí mi. Kí ó tó ṣí, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín máa sọ òótọ́ fún ẹni tó bá pè, pé ilé-iṣẹ́ kò tíì ṣètò rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa lọ ra fóònù tuntun torí ohun tí fóònù tuntun kò lè wò sàn. Mo sì fẹ́ kí ẹ tún owó àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ sí Nàìjíríà ṣírò fún àwa tí a ń fi Yorùbá kọ ọ́.

Bí oṣù Kẹrin bá parí tí n kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú àdéhùn tó wà láàárín wa láìgba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì ṣí àwọn fóònù tí mo rà lọ́dọ̀ yín kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Òfin Amẹ́ríkà ti fún mi láyè láti gbé nọ́ńbà mi lọ. Nọ́ńbà yẹn wà lára páálí ṣọ́ọ̀bù mi, n kò ní fi sílẹ̀ fún yín.

Mò ń retí èsì yín, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, aránṣọ ní Houston