Lẹ́tà sí Àjàní Lórí Ọjọ́ Omi Iyọ̀

Àjàní, ọmọ mi,

Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Àbúrò rẹ fi ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, ó ní àmì ti fi hàn pé o ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ o ò fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kò burú, ṣáà kà á dé ìsàlẹ̀.

Dádì rẹ wà dáadáa. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, káfíńtà sì ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun ń bọ̀ lọ́la. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò WAEC. Owó tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ.

Ẹ̀rù Bàbá Abẹ́òkúta ló ń bà mí. Láti ọjọ́ tí o ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí àárín ẹbí, pé kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pa oògùn dókítà tì kó máa mu omi ewé láàárọ̀, wọn ò fẹnu kan oògùn wọn mọ́. Ìyàwó wọn ló pè mí. Ó ní wọ́n ní ọmọ àwọn tó kàwé ló sọ ọ́, ta ni òun tí òun ń jiyàn? O sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí o ṣe rí i gbà lo ṣe fi ránṣẹ́. Àjàní! Ṣé ẹnu ọ̀nà lásán ni ọ́, tí ohun gbogbo á máa gba ibẹ̀ kọjá?

Nígbà tí mo bi ọ́, o rẹ́rìn-ín. O ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbàgbé omi iyọ̀ ni? Gbogbo wa la wẹ̀ ẹ́, a ò kú." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mi ò gbàgbé. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Patrick Sawyer ti gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ó sì ti kú ní ọjọ́ 25. Àwọn ènìyàn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kàn ń mi orí síra wa ni. Wọ́n tún ní orógbó ń lé e, ni orógbó bá gbówó lórí. Àfi bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín òru: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn.

Bàbá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, tí kì í wẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ni ó kọ́kọ́ gbé garawa jáde. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń ta iyọ̀ lójú fèrèsé títí iyọ̀ fi tán, ló bá tún ń kan ilẹ̀kùn wa kiri pé ká bu díẹ̀ fún òun, òun fúnra òun ò tíì wẹ̀. Ọkọ ìyàwó tuntun tó wà lókè wẹ̀ tán, ó wọṣọ, ó bọ́ ọ padà, nítorí kò dá a lójú pé omi kan ẹ̀yìn etí òun. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà náà, mo da omi lé ọ lórí, iyọ̀ wọ̀ ọ́ lójú, o figbe ta: "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ sè mí ni?" Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Títí dòní ni Dádì rẹ ṣì ń fi gbólóhùn yẹn pa ara wọn lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, rédíò ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde láti Geneva pé Ebola ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pàjáwìrì nílé wa, tí wọ́n sì buwọ́ lu bílíọ̀nù 1.9 náírà láti fi kojú rẹ̀. Bí a ṣe gbọ́ èyí, ara wa tún le sí i: ṣé ẹ rí i pé a ò jí lásán! Àwọn oníṣègùn ń pariwo pé iyọ̀ kì í wo Ebola, pé omi ara ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń kó o ran ẹlòmíràn. Ta ló fẹ́ gbọ́? A ti wẹ̀ ná.

Ibi tí a máa ń dúró sí nínú ìtàn yẹn nìyẹn. Èmi ni mo ń jẹ́ kó máa dúró síbẹ̀.

Lóru ọjọ́ náà, mo pe màmá mi ní Òṣogbo. Wọ́n ti sùn, mo pè títí wọ́n fi gbé e. Wọ́n ní, "Dókítà ṣáà ní kí n dín iyọ̀ kù?" Mo ní, "Màmá, ẹ mu ún, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni." Wọ́n mu ife kan, wọ́n tún mu òmíràn nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Kí ọjọ́ tó rọ̀, orí ń fọ́ wọn, òyì ń kọ́ wọn, wọ́n ti gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà bèèrè ẹni tó ní kí ìyá mu iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé àwọn aládùúgbò ni. Mo wà lórí fóònù, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́.

Ara wọn yá, wọ́n padà sílé, wọ́n sì tún lo ọdún díẹ̀ láyé. Wọn ò tú mi fó rí. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Kérésìmesì pé Màmá Òṣogbo mu òkun lóru, wọn á wò mí, wọn á bá yín rẹ́rìn-ín. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín nìkan ni mo sọ fún ọ, ìwọ náà sì gbà pé ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ síta pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ènìyàn 8 ni Ebola fúnra rẹ̀ pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa. Àjàní, tún un kà. Ẹnì kan ló pe àwọn méjì yẹn, bí mo ṣe pe màmá mi, pẹ̀lú ìfẹ́.

Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ọsibítù, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn 894 rí, wọ́n ń lọ bá wọn nílé láti wò bóyá ara wọn gbóná, ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìtàn wọn níbi àríyá wa rí, èmi náà ò pa á.

Mo mọ̀ pé inú rere lo fi ṣe é. O ń fẹ́ kí ara wọn yá, láti kékeré lo ti láàánú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Bàbá Abẹ́òkúta ṣì ń bà mí. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àyàfi kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Pè wọ́n lálẹ́ òní, má fi ohùn ránṣẹ́. Sọ fún wọn pé o ò mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n padà sídìí oògùn wọn, kí wọ́n sì lọ rí dókítà wọn lọ́la. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sí àárín ẹbí níbi tí o ti kọ ti àkọ́kọ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ ti èmi àti màmá mi fún wọn. Mo fún ọ láyè.

Àbúrò rẹ ní bàtà òun ti já. Jẹun dáadáa, ọmọ mi.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ