Ẹ̀sùn Lórí Yàrá Àbójútó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Ẹ Kọ́ fún Wa

Sí Olùdarí Àgbà ilé-iṣẹ́ tó kọ́ yàrá náà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ wa tọ̀sán-tòru nínú yàrá NOC (yàrá àbójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tuntun tí ẹ ya àwòrán rẹ̀, tí ẹ kọ́, tí ẹ sì to ohun èlò sí. Orúkọ gbogbo wa ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Yàrá náà já wa kulẹ̀ lóru tí a nílò rẹ̀ jù lọ, èsì tí ẹ sì fún wa lẹ́yìn rẹ̀ kò kan kókó ọ̀rọ̀ rárá.

Lóru ọjọ́ náà, swíìsì àárín gbùngbùn, ẹ̀rọ tí gbogbo ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù ń gbà kọjá, dákẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Torí ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣọ́ ọ. Ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé bí swíìsì yẹn ṣe dákẹ́, ògiri skírìnì náà, àwọn skírìnì tí ẹ tò pọ̀ sójú ògiri iwájú, ṣókùnkùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì, gbogbo ẹ̀ pátá ni. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé iná ló lọ, àmọ́ àwọn iná búlúù tí ẹ tò yí àjà ká ṣì ń tàn. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù ara rẹ̀, ó ń pe àwọn ẹ̀ka wa lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì ń kọ ọ́ sórí pátákó funfun: ẹ̀ka tó ṣì ń gbọ́ wa lápá ọ̀tún, ẹ̀ka tí kò gbọ́ wa mọ́ lápá òsì. Àwa fúnra wa la gbé pátákó yẹn wọlé. Òṣìṣẹ́ yín tó wá fi yàrá lé wa lọ́wọ́ ti ní ká gbé e jáde, ó ní ó ń ba ẹwà yàrá jẹ́. Pátákó yẹn ló ṣe iṣẹ́ yàrá yín títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí a tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, ohun tí a bá nìyí. Àwòrán tó ń hàn lórí ògiri kì í ti inú kọ̀ǹpútà lọ sí skírìnì tààrà. Ó ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń pín in fún àwọn skírìnì, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ni swíìsì tó dákẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ apínwòrán náà kò tún sí lórí UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ. Iná lásán ló ń lò. Àwọn iná búlúù ọ̀ṣọ́ ni ẹ fi sórí UPS. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ojú tí a fi ń wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ gbé ara lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń wò. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló yẹ kó ní, èyí tí kò bá ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pa pọ̀ níbì kankan. Kò sì sí àṣírí kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, Facebook kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí 6, àwọn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ì bá fi tètè wá ìdí rẹ̀ náà sì dákẹ́, torí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n wà. Gbogbo ayé ló gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ kọ́ tiwa.

A fi ọ̀rọ̀ yìí tó yín létí. Ẹni tí ẹ rán wá gbé ẹ̀rọ dání láti wọn bí àwọ̀ skírìnì kan ṣe bá ti èkejì mu. Ó tún díẹ̀ ṣe, ó ya fọ́tò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sẹ́ni tó ráhùn nípa àwọ̀ nínú wa.

Níwọ̀n bí mo ti ń kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kù, torí ọ̀rọ̀ náà kọjá wáyà àti iná. Ẹ wo àárín ògiri náà. Àwòrán ayé ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó ń yí, àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ ń fò láti ìlú dé ìlú lórí rẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ìdajì gbogbo ògiri. Òṣìṣẹ́ tuntun kan bi mí pé kí ni àwọn ìlà yẹn ń tọ́ka sí. Mo bi ẹni tó ṣe é nínú yín, ó ní kò tọ́ka sí nǹkan kan, pé eré tí wọ́n yà sínú fáìlì ni, tó bá ti parí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kú, ká ní ògiri náà tàn, àwọn ìlà yẹn ì bá ṣì máa fò káàkiri bí ẹni pé àlàáfíà wà.

Kí ni ògiri skírìnì wà fún gan-an? Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní skírìnì tirẹ̀ lórí tábìlì, ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ògiri wà kí gbogbo wọn lè gbójú sókè, kí wọ́n sì rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọdún 1990, nígbà tí àṣìṣe kan nínú sọ́fítíwià ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà, AT&T bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn swíìsì ìpè jíjìn wọn rú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà ní yàrá àbójútó wọn ní Bedminster, ní New Jersey, rí i lórí ògiri wọn bí àmì pupa ṣe ń ràn káàkiri. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 9 kí wàhálà náà tó rọlẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìpè ni kò sì wọlé. Ògiri yẹn wú àwọn àlejò lórí, mo gbà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú ẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ohun tí a sọ fún yín pé a fẹ́ nìyẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀nba ohun tó jẹ́ òótọ́ lórí ògiri náà kò sì ṣeé kà. Ìlà àkọ́kọ́ àwọn tábìlì jìnnà sí ògiri tó mítà 9, torí ẹ fẹ́ kí iwájú fẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Kí ojú tó lè ka lẹ́tà láti mítà 9 láìṣe wàhálà, gíga lẹ́tà náà yẹ kó tó mìlímítà 50. Skírìnì kọ̀ọ̀kan lára ògiri wa jẹ́ ìǹṣì 55, gíga rẹ̀ kò sì pé mìlímítà 700. Ẹ kàn gbé dáṣíbọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà (ojú-ìwé tó ń fi ipò nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn) sórí rẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́tà inú rẹ̀ kò ga ju mìlímítà 8 lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń dìde lórí àga, wọ́n á rìn lọ síwájú ògiri, wọ́n á nà mọ́ ọn, wọ́n á kà á, kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́.

Àmì gíríìnì tún wà níbẹ̀, èyí sì bà mí lẹ́rù ju ìyókù lọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àmì kan, tó bá jẹ́ gíríìnì, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ohun tí gíríìnì yẹn túmọ̀ sí kò ju pé ẹ̀ka náà dáhùn nígbà tí ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn bóyá ó wà, ìgbà ìkẹyìn yẹn sì lè ti tó ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn. Kò sí aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa sọ bó ṣe pẹ́ tó. Bí ẹ̀rọ tó ń béèrè fúnra rẹ̀ bá kú, gíríìnì ni yóò máa jẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ọdún 1979, ní ilé iná átọ́míìkì Three Mile Island ní Pennsylvania, iná kékeré kan kú lórí pátákó ìdarí, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé fáàfù kan ti pa dé. Àṣẹ pé kó pa dé ni iná náà ń ròyìn. Fáàfù fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù sì ń tú jáde fún ohun tó lé ní wákàtí 2. Iṣẹ́ tiwa kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irú àmì kan náà ni ẹ gbé ka iwájú wa.

Iná àjà tó ń di pupa tí áláàmù bá dún, a ti pa á. Áláàmù kékeré, áláàmù ńlá, ìró kan náà, pupa kan náà: ìkìlọ̀ pé ààyè ń tán lórí dísìkì kan tó ṣì ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níwájú ń sọ gbogbo yàrá di pupa bí ẹni pé ilé ń jó. Ìwé EEMUA 191, tí àwọn tó ń ṣètò áláàmù ń lò, sọ pé áláàmù kan láàárín ìṣẹ́jú 10 ni ènìyàn kan lè fara balẹ̀ bójú tó. Tiwa ń dún jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó bi wá pé èwo ló yẹ kó dún.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì àti òkùnkùn kò gùn. Ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ ni ògiri gíláàsì tí àlejò ń gbà wo inú yàrá wà, nítorí náà iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn sójú skírìnì tábìlì wọn, àlejò tó bá sì kọjá ń wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Yàrá ṣókùnkùn débi pé wọn ò lè ka ìwé àkọsílẹ̀ ìṣọ́ láìtan iná fóònù sí i. Ibi ìkọ̀wé àti ìkàwé nínú ọ́fíìsì, 500 lux (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni EN 12464-1, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìmọ́lẹ̀ ibi iṣẹ́, ní kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó. Atẹ́gùn tútù ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ dárí kí ògiri má baà gbóná ń fẹ́ sí wọn lọ́rùn tààrà. Ẹni tó ṣíìfù rẹ̀ bọ́ sí òru ń wọ ẹ̀wù òtútù wá síbi iṣẹ́.

Nǹkan míì: ẹ kan àwọn skírìnì mọ́ ògiri gírígírí, láìlo irú agbékọ́ tí a lè fà síta láti iwájú. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ láàárín, a gbọ́dọ̀ tú àwọn tó yí i ká.

Kí n má ṣe ṣe àbòsí, àwọn nǹkan kan dára nínú iṣẹ́ yín. Tábìlì tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn dára, ara tu àwọn tó ní ìrora ẹ̀yìn. Àjà tó ń fa ariwo mu náà dára gan-an. A lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí a sì gbọ́ ara wa. N ò sì kórìíra ẹwà. Mo fẹ́ kí ọ̀gá àgbà tiwa lè mú oníbàárà wá sídìí gíláàsì, kí orí wọn wú. Èmi náà fẹ́ràn kí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́wà, ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ wọn níyì. Àmọ́ ẹwà yàrá NOC, inú iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń jáde: lẹ́tà tó tóbi tó ṣeé kà, àwọ̀ mélòó kan péré tí ìtumọ̀ wọn dájú, máàpù tí ìlà kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ jẹ́ ìsopọ̀ tó wà lóòótọ́. Àlejò tó bá rí irú ẹ̀ yóò dúró wò ó pẹ́ ju bó ṣe máa wo ayé tó ń yí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹ ò bá àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀. ISO 11064, ìlànà àgbáyé lórí ṣíṣe yàrá ìdarí, fi í ṣe ìpìlẹ̀ pé kí àwọn tó máa lo yàrá wà nínú ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìlànà yẹn wà nínú ìwé tí ẹ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa pàdé, ẹ fi àwòrán tó rẹwà hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó jókòó ti àwọn oníṣẹ́ òru rí.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Èyí tí kò ṣeé sún síwájú ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ apínwòrán kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, kí ẹ fún un ní swíìsì àti ọ̀nà tirẹ̀, kí òun àti àwọn skírìnì àárín wà lórí UPS, kí skírìnì mẹ́rin ó kéré tán sì ní wáyà tó ti inú kọ̀ǹpútà wá tààrà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ àwòrán ayé yẹn, kí ẹ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ wa, tòru mọ́ tọ̀sán, tún ojú ògiri tò, kí lẹ́tà ṣeé kà láti ìdí tábìlì, kí àmì kọ̀ọ̀kan sì máa sọ ìgbà tí ìròyìn rẹ̀ dé gbẹ̀yìn. Gíláàsì, ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti agbékọ́ skírìnì lè tẹ̀ lé e, bí ẹ bá ti kọ ọjọ́ tí ẹ ó ṣe wọ́n sílẹ̀ fún wa. Owó iṣẹ́ yìí ti wà nínú àdéhùn wa, a ò retí ìwé owó mìíràn.

Owó ìkẹyìn wà lọ́wọ́ wa. A ò fẹ́ jẹ ẹ́, a ò sì ní san án títí a ó fi dán yàrá náà wò. Níṣojú yín ni a ó ti fa wáyà swíìsì àárín gbùngbùn yẹn yọ, kí gbogbo wa jọ gbójú sókè wo ògiri. Tó bá tàn, tó sì sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo fọwọ́ sí ìwé yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ó wá ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì jọ̀wọ́ mú ẹni tó ya àwòrán yàrá náà dání. Alẹ́ ni kí ẹ wá, kí ó lè bá wa ṣe ṣíìfù kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olórí Ẹ̀ka Àbójútó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì