Orúkọ Bárékè Wa àti Àwọn Ogun Tí A Kò Kà Mọ́ Ogun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ètò ìrántí àwọn ológun tí ìjọba máa ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo sì kíyè sí i pé ogun Bọ́mà, ti ìgbà ogun àgbáyé kejì, ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ àwọn ogun tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti jà, kí ẹ tó gba Kóńgò kọjá sí ogun abẹ́lé, tí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ Bòkó Hàráàmù kádìí rẹ̀. Ohun tí ẹ kà kò ní àbùkù. Èyí tí ẹ kò kà ni mo torí rẹ̀ mú gègé.

Ilé-iṣẹ́ ológun wa fúnra rẹ̀ kì í ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti 1960. Ọdún 1863 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, nígbà tí Glover, Òyìnbó tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn ọkùnrin Haúsá díẹ̀ jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó ti bọ́ lọ́wọ́ olówó wọn, tí ó sì kó ìbọn fún wọn. Ní 2013 ni wọ́n ṣe àjọyọ̀ àádọ́jọ ọdún. Bí a bá ti gba 1863 ní ọjọ́ ìbí, a kò lè sọ pé a kò mọ ohun tí ọmọ náà fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Èbìbí 1892, àwọn ọmọ ogun Haúsá ti Èkó wà lára àwọn tí Gómìnà Carter rán sí Ìjẹ̀bú, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gba ọ̀nà ilẹ̀ wọn kọjá bó ṣe wù ú. Ìbọn Maxim, tí ń da ọta jáde bí òjò, ni ó parí ọ̀rọ̀ náà ní Ìmàgbọ̀n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Bélú 1895, Bower, aṣojú ìjọba Òyìnbó ní Ìbàdàn, yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Ìbínní tẹ̀lé e ní 1897, Kánò àti Sókótó sì bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1903.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, n kò sì ní tìtorí ìyẹn bo òótọ́ mọ́lẹ̀: àwọn ènìyàn wa wà lẹ́yìn Òyìnbó nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìmàgbọ̀n. Ogun Kírìjì kò tíì tán nígbà náà, ọ̀nà òkun tí àwọn Ìjẹ̀bú dí sì ń dun Ìbàdàn púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé gbogbo wa la jọ kọ àjàgà amúnisìn sílẹ̀, kò bi àwọn bàbá wa léèrè. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí a sọ ìtàn náà síta, nítorí pé ìtàn tí ó bá ń tini lójú ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbàgbé.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ogun Adùbí. Ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, ìjọba Òyìnbó gba òmìnira tí àwọn Ẹ̀gbá ṣì ní títí di ìgbà náà. Nígbà tó di 1918, wọ́n tún gbé owó-orí tuntun lé wọn lórí. Àwọn Ẹ̀gbá dìde ní oṣù Òkúdù, wọ́n hú ojú irin rélùwéè, wọ́n sì pa Ọ̀ṣílẹ̀ Òkè-Ọnà, ọ̀kan nínú àwọn ọba Ẹ̀gbá, tí wọ́n kà sí ara àwọn tó ń bá ìjọba ṣe é. Àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé wà lára àwọn tí ìjọba kó tì wọ́n. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lọ jà fún lọ́hùn-ún; nígbà tí wọ́n padà dé ilé, àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ni wọ́n ní kí wọ́n dojú ìbọn kọ.

Ẹ wá wo orúkọ tí a fi ń pe bárékè wa. Marda tó wà ní Yábà jẹ́ orúkọ àfonífojì àárín òkè kan ní Etiópíà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì fìjà pẹẹ́ta ní 1941. Bọ́mà ni Letmauk tó wà ní Ìbàdàn ti wá. Láti ibẹ̀ náà ni Dódán tó wà ní Ìkòyí ti wá, èyí tí àwọn olórí ìjọba ológun fi ṣe ibùjókòó títí di 1991. N kò bá àwọn tó jà níbẹ̀ jà o. Wọ́n gbé ẹrù lórí gba inú igbó Kaladan kọjá, ìyà tó jẹ wọ́n kò kéré, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kí orúkọ náà wà lára ògiri. Àmọ́ bárékè wo ni ẹ ti rí i kí a kọ Ìmàgbọ̀n sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ibo ni ti Burmi wà, níbi tí Sultan Attahiru ti Sókótó kú sí ní 1903?

Lẹ́yìn òmìnira, iṣẹ́ tí a rán wọn lọ sí òkèèrè kò burú: Kóńgò láti 1960, Tanganyika (Tànsáníà òde òní) ní 1964, Làìbéríà láti 1990. Ogun ilé ló fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì tí a fi ń yẹ́ àwọn ológun sí, ogun tí a bá ara wa jà ni méjèèjì ti wá. Ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ ni ìbọn àkọ́kọ́ dún ní 1967, ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970 ni Bìáfírà sì juwọ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Bélú, ọjọ́ tí ogun àgbáyé kìíní parí, ni a fi ń rántí wọn. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ kan náà ni ìfipágbàjọba àkọ́kọ́ ní 1966, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ka ìwé níbi ayẹyẹ náà. Títí di òní la ṣì ń sọ pé «ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀», bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun Bìáfírà tó dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967. Mélòó nínú àwọn tó ń pa òwe náà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ ológun gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà bárékè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ibi tí orúkọ náà ti wá àti ẹni tí a jà fún síbẹ̀ ní èdè tí àwọn tó ń kọjá gbọ́. Kí wọ́n sì dárúkọ àwọn tó kú ní Ìmàgbọ̀n, ní Ọ̀yọ́ àti nínú ogun Adùbí níbi ètò ìrántí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó bí ilé-iṣẹ́ ológun ni wọ́n kú sí. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá tún kò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 1892 ṣáájú Bọ́mà nínú àkójọ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.