Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀rọ̀ Wa Wà?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n dá sí ọ̀rọ̀ kan tí tọmọdé tàgbà ń bi ara wọn báyìí: nínú gbogbo áàpù tí a fi ń ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, èwo ló ń pa àṣírí mọ́ jù? Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ kò ju "gbogbo wọn ló ní àgádágodo" lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ojú ara mi rí i pé àgádágodo lè wà lẹ́nu ọ̀nà kí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹun dáadáa, kì í ṣe nítorí owó fóònù, bí kò ṣe nítorí ọ̀rọ̀ àìsàn ọmọ rẹ̀ tí òun àti dókítà ti ń bá bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó ra òmíràn, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì rẹ̀ sí i, ó dúró díẹ̀, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ohùn dókítà tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́, àyà tèmi já. Mo bi í pé bó bá jẹ́ orí fóònù tó sọnù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wa, ibo ló wá ti jáde? Kò lè dáhùn, èmi náà kò sì lè dáhùn lọ́jọ́ yẹn.

Kí n tó sọ ibi tó ti jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àgádágodo yìí jẹ́. Tí a bá fi áàpù tó ní end-to-end encryption ránṣẹ́, fóònù ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ni yóò sọ ọ́ di ẹnà kí ó tó jáde rárá, fóònù ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò tú u. Ilé iṣẹ́ tó ni áàpù kò ju ẹni tí a bẹ̀ pé kó bá wa gbé àpótí títì lọ, ó lè gbé e, kò lè ṣí i. Láti ọdún 1976 ni Whitfield Diffie àti Martin Hellman, àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnà, ti tẹ̀wé jáde lórí bí ẹni méjì tí kò pàdé rí ṣe lè jọ ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, bí ẹlòmíì tilẹ̀ ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ irú wa tí kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp parí títan án fún gbogbo àwọn tó ń lò ó, ìlànà tí àwọn tó ṣe Signal, áàpù mìíràn tí a fi ń ránṣẹ́, gbé kalẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá ní WhatsApp kò ní àgádágodo kò sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ pé àgádágodo nìkan là ń wá, lẹ́tà mi ì bá parí síbí.

Inú ẹ̀dà ìpamọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti jáde. Lóru, nígbà tí a bá ti sùn, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ wa, wọ́n á sì gbé e lọ sínú ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a má bàa pàdánù rẹ̀. Oore ni wọ́n ṣe é fún, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti inú àpótí títì rìnrìn àjò ni wọ́n tún tú jáde, tí wọ́n kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ẹlòmíì, níbi tí kọ́kọ́rọ́ kò ti sí lọ́wọ́ wa nìkan mọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì wa lè dé ibẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ tó ń pa á mọ́ pé kó kó o sílẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni WhatsApp ti fún àwọn èèyàn láǹfààní láti ti ẹ̀dà náà pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tiwọn tàbí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, àmọ́ ẹni tó ni fóònù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Ti Apple, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iPhone, náà fara jọ ọ́: láti ìparí ọdún 2022 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Advanced Data Protection ti wà tó ń ti iCloud, ìpamọ́ Apple lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pa débi pé Apple fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tàn án, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò. Èyí tó wá le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí èmi bá tilẹ̀ ti ẹ̀dà tèmi pa, ọ̀rọ̀ kan náà ṣì wà nínú ẹ̀dà ẹni tí mo kọ ọ́ sí. Ẹni méjì ló ń pa àṣírí kan mọ́, bí ọ̀kan bá ṣílẹ̀kùn, ti ẹnìkejì ti tú.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí a máa wò ni bóyá àgádágodo náà wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí àwa la máa tì í. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbà tọkàntọkàn pé Telegram ló pamọ́ jù láyé, tí wọ́n sì ti kó ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ló ń gbé, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Ibi tí wọ́n ń pè ní Secret Chat nìkan ni a ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù dé fóònù, ẹni méjì péré ló lè wà níbẹ̀, àwa la sì máa ṣí i fúnra wa. Gúrúùpù kò ní in rárá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo Telegram, nítorí ó wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ kéde nǹkan fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìkéde yàtọ̀ sí àṣírí.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Ká ní a ti ti ọ̀rọ̀ pa, a ti ti ẹ̀dà rẹ̀ pa, ó ku ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò lẹ́tà: ta ló kọ̀wé sí ta, ní agogo mélòó, ìgbà mélòó, láti ibo. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí dókítà tó ń tọ́jú àrùn ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ní agogo méjì òru, lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò nílò kó ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ilé iṣẹ́ Facebook, tó ń jẹ́ Meta báyìí, ló ra WhatsApp lọ́dún 2014, ìpolówó ọjà sì ni Meta fi ń jẹun. Kò lè ka ohun tí a kọ, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà wa, ó mọ irú fóònù tí a ń lò, ó sì mọ ìgbà tí a ń wọlé àti ìgbà tí a ń jáde. Nígbà tí WhatsApp kéde àtúnṣe sí òfin rẹ̀ lórí irú nǹkan wọ̀nyí ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn èèyàn tú lọ sórí Signal àti Telegram, láìmọ̀ pé ibi méjèèjì yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má wo ohun tí áàpù ń ṣèlérí, kó wo ohun tó ní lọ́wọ́ tó lè kó fún ẹlòmíì. Ọdún 2016 ni a rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣèwádìí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún àwọn tó ṣe Signal pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹnì kan sílẹ̀. Wọ́n kó o sílẹ̀ lóòótọ́, kò sì ju nǹkan méjì lọ: ìgbà tí onítọ̀hún forúkọ sílẹ̀, àti ìgbà tó wọlé kẹ́yìn. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Wọn ò ní òmíràn ni, nítorí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe áàpù náà kó má máa kó nǹkan jọ. Àjọ tí kì í ṣe fún èrè ló ń bójú tó o, ọdún 2018 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Brian Acton tó wà lára àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ ló sì gbé àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún un.

Signal náà ní àléébù tirẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láìní nọ́ńbà fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù Kejì ọdún 2024 a ti lè fi orúkọ ìnagijẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má rí nọ́ńbà náà. Threema tó wá láti Switzerland kì í béèrè nọ́ńbà rárá, àmọ́ owó la fi ń rà á, ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ rà á. Áàpù tó dára jù láyé tí kò sí ojúlùmọ̀ wa kankan níbẹ̀, ilé òfìfo ni.

Nínú ilé tiwa, a kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò níbi tó wà. Ìkíni àti àwàdà ṣì ń lọ níbi tí ẹbí pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn nìkan la kọ́kọ́ gbé lọ sí Signal, Ọlọ́run sì ṣe é, dókítà ti ní in lórí fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó, a ṣí nọ́ńbà ààbò tó wà láàárín èmi àti òun, nọ́ńbà ọgọ́ta tí wọ́n tò ní márùn-ún márùn-ún sọ́nà méjìlá. Mò ń kà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí fóònù tirẹ̀. Nígbà tí a dé ìlà kẹta, ó dá mi dúró, ó ní òun ti fo ọ̀wọ́ kan, a sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é ya ní fọ́tò kí fóònù bá wa fi wé ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fi ojú òun rí i. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí bá bára mu, kò sí ẹni tó dúró láàárín wa tó ń díbọ́n bí èmi fún un tàbí bí òun fún mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo àṣírí kò ṣí ojú ewé yẹn rí.

Àgádágodo kò lè gbà wá lọ́wọ́ ohun tí a bá fọwọ́ ara wa ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn aláṣẹ gíga nínú ìjọba Amẹ́ríkà ń jíròrò ìkọlù sí Yemen nínú gúrúùpù kan lórí Signal, wọ́n sì ti ṣèèṣì fi Jeffrey Goldberg, olóòtú The Atlantic, kún àwọn tó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi í lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ka kóòdù tí áàpù fi ránṣẹ́ sí i fún àjèjì lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló ti kó ilé rẹ̀ fún olè.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ẹni tí kò bá ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Ó máa ń dùn mí. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kò ṣe ibi kankan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ inú àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ CISA tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gba àwọn tó wà nípò gíga níyànjú pé áàpù tó ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kí wọ́n máa lò. Bí ìjọba bá fẹ́ irú ààbò yẹn fún ara rẹ̀, kí ló dé tí ìyá ọlọ́mọ kò fi ní fẹ́ ẹ?

Ìbéèrè mi sí ẹ̀yin gan-an ló kù, Ọ̀gá Olóòtú. Ẹ máa ń tẹ nọ́ńbà fóònù kan jáde, pé kí ẹni tó bá ní ìròyìn fi ta yín lólobó. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni nọ́ńbà náà ń gbà, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè ka gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó ta yín lólobó sì lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti iṣẹ́ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí orúkọ kan sórí Signal fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ fún wa ẹni tí fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bá wọlé máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ máa tẹ orúkọ náà jáde síbì kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó bá ra ìwé ìròyìn lónìí lè fi í wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kọ̀wé sí yín.

Èmi ni,
Ọ̀kan lára àwọn òǹkàwé yín